Ṣé àbámọ̀ náà ni ìrònúpìwàdà?

Ìbéèrè: Bí oore-ọ̀fẹ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n tún ń sọ pé ká dá nǹkan olóhun padà? Ṣé ẹni tó ti sunkún bẹ Ọlọ́run kò tíì ronú pìwà dà ni?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà: rò, inú, pa, ìwà, dà. Inú la fi ń rò ó, ìwà la ń pa dà. Metanoia tí Májẹ̀mú Tuntun lò ní èdè Gíríìkì, èrò tó yí padà ló ń sọ. Yorùbá ló gbé ìwà sáàárín ọ̀rọ̀ gbangba. (Agẹmọ náà ń pa àwọ̀ dà, agẹmọ náà ló ṣì jẹ́.) Yorùbá ò sì ṣì í. Nígbà tí àwọn èèyàn bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, nínú Lúùkù 3, kò béèrè omijé. Ó ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Kí agbowó òde má gbà ju iye tí wọ́n pa láṣẹ. Kí ọmọ ogun má fipá gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tó o. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ kálukú ti ń jẹun ló ní kó ti yí padà.

Ní ti ẹkún, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n àbámọ̀ lè má dé ibi ìwà. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ìdápadà nìkan náà ò tó. Júdásì dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà, ó tún ní òun ṣẹ̀. Àwọn àlùfáà ló lọ bá; kò padà sọ́dọ̀ Jésù tó dà. Pétérù tó sẹ́ Jésù náà sunkún kíkorò, àmọ́ ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́ wà: ọ̀nà àbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fowó rà.

Ẹ wo bí ó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ìtàn Sákéù, olórí agbowó òde, Lúùkù 19. Jésù ti ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ kí Sákéù tó dárúkọ owó kankan. Lẹ́yìn náà ló ní òun yóò fi ìdajì ẹrù òun fún tálákà, òun yóò sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Òfin Léfítíkù 6 kò béèrè tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó rẹ́ èèyàn jẹ ní 100 yóò san 120, ìyẹn odidi owó pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún. Ìlọ́po mẹ́rin, òfin olè tó ti pa àgùntàn olóhun jẹ ni, nínú Ẹ́kísódù 22. Sákéù ò pe ara rẹ̀ ní ohun mìíràn ju olè lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. “Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú”: “bí” yẹn ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà pa mọ́. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ má fi àwáwí tì í lẹ́yìn, ẹ má sì fi dandan lé e pé kí onítọ̀hún dárí jì yín lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni kíka Éfésù 2 dúró ní ẹsẹ 9, “kì í ṣe nípa iṣẹ́”, nígbà tí ẹsẹ 10 ń sọ pé fún iṣẹ́ rere la ṣe dá wa. Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù: gbígbé owó tí a rẹ́ èèyàn jẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Léfítíkù ní olóhun ni kí á fún ní ọjọ́ tí a bá mú ẹbọ ẹ̀bi wá. Bí olóhun bá ti kú ńkọ́? Númérì 5 ní ìbátan rẹ̀ ni kó gbà á. Ìgbà tí kò bá sí ìbátan kankan ló tó kan àlùfáà.