Béèrè Lọ́wọ́ Onígìtá: Pẹ́dà Wo Ló Lè Mú Ohùn Rọ́ọ̀kì Àtijọ́ Jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ gìtá. Squier Stratocaster ni gìtá mi. Amp mi kéré, kò ní tube, sípíkà oníǹṣì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti ń kóra jọ báyìí láti máa ṣe rọ́ọ̀kì tó wúwo, irú ti Black Sabbath àti AC/DC ayé ìgbà yẹn. Owó ọwọ́ mi ò ju ti pẹ́dà kan lọ, àpótí kékeré tá à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Ẹnì kan ní kí n ra Boss Metal Zone torí òun ló le jù. Ẹlòmíì ní DS-1. Ẹ̀kẹta ní ProCo RAT. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n rà? (Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, RAT ni kó o rà. Mo tètè sọ ọ́ kó o lè fọkàn balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ohùn tó ò ń wá yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ti inú pẹ́dà wá rárá. Inú amp ló ti wá. Jim Marshall, tó ń ta ìlù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe amp pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1962. Àwọn onígìtá ò yé béèrè èyí tó lágbára sí i, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who sì wà lára wọn. Bí oníwáàtì 100 ṣe dé nìyẹn. Tube ló wà nínú wọn, ìgò kéékèèké tó máa ń gbóná tó sì ń tàn. Tí wọ́n bá yí amp náà sókè gan-an, agbára tube á dópin, ohùn tó yẹ kó ga sí i á tẹ́ lórí, á wá máa fọ́. Fífọ́ yẹn ni distortion. Gìtá Gibson SG àti amp Marshall ni Angus Young, onígìtá AC/DC, fi ṣe tirẹ̀, kò to pẹ́dà sílẹ̀. Malcolm, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń lo okùn tó nípọn, gain rẹ̀ (bí wọ́n ṣe ń ti ohùn tó kó lè fọ́) kéré, ọwọ́ tó fi ń lu okùn ló le.

Tony Iommi, onígìtá Black Sabbath, tìẹ ńkọ́? Ọmọ Birmingham ni. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì, lára ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn gan-an. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe ìbòrí sórí ìka náà, ó wá okùn tó fúyẹ́, nígbà tó yá ó tú okùn wálẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun tó fi síwájú amp Laney rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe pẹ́dà distortion. Treble booster ni, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn òkè ga kí amp lè tètè fọ́. Gbogbo ìwúwo tó ò ń gbọ́ yẹn, gain rẹ̀ ò tó bó o ṣe rò. Padà lọ gbọ́ ọ dáadáa: wàá gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ohùn tó fọ́ náà. Mo nífẹ̀ẹ́ ohun yìí débi pé inú máa ń bí mi tí mo bá rí ọmọdé tó ń yí gain dé òpin nítorí orin àwọn èèyàn wọ̀nyí.

Ó wá ku ohùn àárín. Ibẹ̀ ni gìtá ń gbé nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gìtá báàsì àti ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba ìsàlẹ̀, páànù dírọ́ọ̀mù ti gba òkè. Tó o bá dá wà nínú yàrá, tó o yọ ohùn àárín kúrò, tó o fi kún ìsàlẹ̀ àti òkè, ohùn náà á tóbi létí rẹ, á wù ọ́ gan-an. Kí onídírọ́ọ̀mù kàn wọlé báyìí, o ò ní gbọ́ ara rẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ sí DS-1 fún ọ. Pẹ́dà gidi ni o. 1978 ló jáde, owó rẹ̀ ò ga, kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí bọ́tìnnì Tone rẹ̀ bá wà láàárín, ṣe ló máa ń gbẹ́ ohùn àárín kúrò. Ẹni tó ní amp tube tó ń dún kíkan lè fi amp náà dí àlàfo yẹn. Amp tìẹ ò lè dí i.

Metal Zone dé ní 1991, fún orin tó le ju èyí tó ò ń wá lọ. Fi í sílẹ̀.

RAT ní tirẹ̀, Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ohùn àárín rẹ̀ kún, ó sì ń ṣe dáadáa níwájú amp tí ohùn rẹ̀ mọ́, bíi tìẹ. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló ní: Distortion, Filter àti Volume. Ṣọ́ra fún Filter, torí ìdàkejì ohun tó o retí ló ń ṣe: bó o bá ṣe ń yí i sápá ọ̀tún ni ohùn òkè á máa dínkù. Bẹ̀rẹ̀ báyìí: yí Distortion sí ibi tí ọwọ́ aago máa ń wà ní aago mẹ́wàá, Filter ní aago kan torí pé Strat máa ń dún ṣanṣan, Volume kó ga díẹ̀ ju ti ìgbà tí pẹ́dà bá wà ní pípa. Nínú àwọn pickup, ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá, ti ẹ̀yìn ni kó o lò, kó o sì dín tírébù amp kù. Àwọn kan á sọ fún ọ pé àfi RAT àtijọ́ tó ní chip LM308, pé OP07 tó wà nínú àwọn tuntun ò dáa. Má fi owó iyebíye wá ìyẹn. Lórí sípíkà oníǹṣì mẹ́jọ, o lè má gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Àwọn kọ́ọ̀dù aládùn tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ nígbà ìyìn, àwọn nínáìnì àti tátíìnì yẹn, distortion á bà wọ́n jẹ́. Bí ohùn méjì bá wọ inú ẹ̀rọ tó ń fọ́ ohùn, ó máa ń bí ohùn mìíràn tí o ò tẹ̀, bí ohùn tó o tẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni rúdurùdu náà á ṣe pọ̀ tó. Dò àti sò péré ni kó o tẹ̀, kó o fi dò òkè kún un tó o bá fẹ́. Mí tó o fi sílẹ̀ á fara hàn nínú ohun tí olórin ń kọ. Púpọ̀ nínú ìwúwo rọ́ọ̀kì, ibẹ̀ ló wà.

Strat rẹ máa kùn, mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Pickup oní-coil (wáyà tí wọ́n wé) kan máa ń gba ariwo iná mọ́ra, distortion á sì gbé ariwo náà sókè pẹ̀lú orin. Ìdí tí Seth Lover fi ṣe humbucker fún Gibson ní 1955 nìyẹn: coil méjì tí ariwo wọn ń pa ara wọn. Jìnnà sí amp àti ṣájà fóònù, yíra padà títí ariwo á fi rọlẹ̀, kó o sì yí Volume gìtá sí òdo tí o ò bá ta á. Tí owó bá tún dé, ra humbucker tóóró tó lè wọ àyè pickup ẹ̀yìn Strat kó o tó ra pẹ́dà kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa. Ní 1972 ni ẹgbẹ́ BLO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Èkó: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí dírọ́ọ̀mù, Mike Odumosu lórí báàsì. Wá ohùn gìtá Jones gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi adápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé pẹ́dà mi? Ẹnu rẹ̀ wọ ibẹ̀. (Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o! Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kíá. Fóòtì (volt) 9 ni ọ̀pọ̀ pẹ́dà ń lò, àárín ẹnu adápítọ̀ wọn sì jẹ́ negative. Púpọ̀ nínú ti kíbọ́ọ̀dù Yamaha jẹ́ fóòtì 12, àárín wọn sì jẹ́ positive. Iná á gba òdì wọlé, ó sì lè jó pẹ́dà náà. Àwòrán róbótó kékeré kan wà lára adápítọ̀ àti lára pẹ́dà tó ń fi àmì + àti − hàn, fi wọ́n wéra kó o tó kì í bọ̀ ọ́. Tó ò bá rí èyí tó bá a mu rà, bátìrì fóòtì 9 onígun mẹ́rin ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n máa yọ wáyà gìtá kúrò ní ojú ihò INPUT tó o bá ti ṣe tán, torí wáyà yẹn ló ń tan pẹ́dà. Tó o bá fi í síbẹ̀ mọ́jú, bátìrì á ti kú.