Rẹ́gúlétọ̀ Sítíìmù Kì í Ṣe Táàpù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́bàá Ìyàrá níbí, sítíìmù, ìyẹn oru omi híhó, la fi ń se ẹyìn ká tó fún epo. Báà 7 (báà la fi ń wọn agbára sítíìmù) ni bọ́ílà tó ń se omi náà ń gbé wá, báà 3 ni ìkòkò fẹ́, àmọ́ ó ti ń dé 4 báyìí. Mẹkáníìkì wa ní ká yí sukúrù rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára sítíìmù kù kó tó dé ìkòkò, sọ́tùn-ún kó lè dínkù. Ìgbà mélòó ni ká yí i?

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò. Ẹ má yí i sọ́tùn-ún rárá! Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí ó lè pa èèyàn.

Táàpù là ń yí sọ́tùn-ún kí omi má ṣàn mọ́. Ti rẹ́gúlétọ̀ yàtọ̀: sípíríǹgì ni sukúrù orí rẹ̀ ń tẹ̀. Sípíríǹgì ń ti awọ irin fẹ́lẹ́ kan sísàlẹ̀, fáàfù inú á ṣí. Sítíìmù tó ti kọjá náà á máa ti awọ yẹn padà sókè, kí fáàfù lè pa dé. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ló ń dúró sí. Bẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, sípíríǹgì lẹ ràn lọ́wọ́, 4 yín á di 5. Òsì ni ìdínkù wà.

Àmọ́ ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan sukúrù náà kó tó kúrò ní 3? Bí kò bá sí, ẹ ti ọ̀nà tó wọ ìkòkò pa, kí ẹ wo géèjì tó ń fi agbára sítíìmù hàn, tó wà láàárín òun àti rẹ́gúlétọ̀. Tó bá gòkè díẹ̀ tó dúró, kò burú. Tó bá ń gùn lọ, ẹ tètè ti sítíìmù pa látọ̀dọ̀ bọ́ílà: fáàfù inú kò pa dé mọ́ nìyẹn, kò sì sí yíyí tó lè wò ó sàn. Mo tú irú ẹ̀ kan ní Kàbà. Èépá irin tó dógùn-ún, tí kò ju horo ẹ̀gúsí lọ, ló há sẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ti yọ asẹ́ tó yẹ kó gbà á sọ nù, wọ́n ní ó ń dí.

Bó bá dára, ẹ kọ́kọ́ da omi inú páìpù nù, kí sítíìmù máa ṣàn, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Ẹ yí i sósì ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, ẹ dúró kí géèjì fara balẹ̀, kí ẹ tó tún yí i.

Mi ò rí ẹ̀rọ yín o, ìwé tó bá a wá ló lè pàṣẹ. Àmọ́ rẹ́gúlétọ̀ kì í ṣe fáàfù ààbò, èyí tó ń tú sítíìmù jáde fúnra rẹ̀ bí agbára bá pọ̀ jù. Bí ìkòkò yín kò bá ní tiẹ̀, ẹ pa iná bọ́ílà lónìí.