Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà Tí Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Àtijọ́ Bá Ń Yọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Honda CG125 tí bàbá mi rà ní ọdún 1979 ni mo ń tún ṣe. Ó ń lọ dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ènìyàn sẹ́yìn tí mo sì ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa ké, eré rẹ̀ kò sì ní lé sí i. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ gbogbo pléètì kílọ́ọ̀ṣì. Ṣé kí n gbà? (Òǹkàwé wa, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àlàyé yín fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì náà, ìyẹn àwọn pléètì tó ń fún mọ́ ara wọn láti gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí jíà, ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í dé táyà ẹ̀yìn tán. Pléètì tó ti jẹ lè fà á lóòótọ́. Síbẹ̀, òun ló yẹ kí ẹ fura sí kẹ́yìn, nítorí pé ohun méjì mìíràn ń fa irú àmì kan náà, ẹ sì lè yẹ̀ wọ́n wò láìtú ẹ́ńjìnnì rárá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kébù, ìyẹn wáyà tó so ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka kan fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ṣóńṣó rẹ̀: ó yẹ kó rìn tó mìlímítà 10 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́wọ́ yín. Bí àlàfo yìí kò bá sí, a jẹ́ pé kébù kò jáwọ́ lára kílọ́ọ̀ṣì, pléètì kò sì ní lè fún mọ́ ara wọn bó ti yẹ. Bí pléètì bá ṣe ń jẹ ni àlàfo náà ń dín kù, nítorí náà, ẹni tó tò ó dáadáa lọ́dún tó kọjá ṣì ní láti tún un tò lọ́dún yìí. Láti 1976 tí Honda ti gbé CG125 jáde ni a ti mọ̀ ọ́n sí alùpùpù tó lè fara da àìbìkítà, àmọ́ àìtò kébù kò sí lára ohun tó lè fara dà. Ẹ tò ó, kí ẹ tún gun òkè kan náà. Bí kò bá yọ̀ mọ́, ẹ fi owó yín sápò.

Ọ́ìlì ló kàn. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sì ní èròjà tí ń mú kí irin yọ̀ lára irin kí ọkọ̀ má bàa jẹ epo púpọ̀. Èròjà yẹn dára fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba kílọ́ọ̀ṣì tiwa jẹ́. Ẹ wo ara ike ọ́ìlì tí ẹ ń lò bóyá àmì JASO MA wà níbẹ̀, ìyẹn àmì ọ́ìlì alùpùpù tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì yìí mu.

Bí méjèèjì bá pé tó ṣì ń yọ̀, ìgbà náà ni kí mẹkáníìkì tú ìderí apá ọ̀tún. Kí ó wọn bí pléètì ṣe nípọn sí, kí ó sì tẹ́ àwọn pléètì onírin lé orí dígí láti mọ èyí tó ti wọ́. Àwọ̀ búlúù lára irin fi hàn pé iná ti mú un. Bí sípíríǹgì kan bá ti rọ̀, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀. Ẹ rẹ pléètì tuntun sínú ọ́ìlì kí wọ́n tó tò ó. Èyí tó bá ṣì nípọn tó nínú ti àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù, nítorí pé ó sábà máa ń sàn ju ayédèrú tó kún ọjà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Alùpùpù mi ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì. Bí mo bá fi í sí jíà kìíní, á fò síwájú, á sì kú, bẹ́ẹ̀ mo di kílọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin. (Òǹkàwé wa, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òdì kejì tòkè ni tiyín: pléètì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn kò sì tú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ní níútírà, kí ẹ pa á, kí ẹ fi í sí jíà kejì, kí ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ sì máa tì í síwá sẹ́yìn títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó já. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kébù ti dẹ̀ jù, tàbí kí eyín pléètì ti gbẹ́ kòtò sára háòsì kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn agolo irin tí pléètì ń jókòó sí. Kòtò tí kò jìn ṣeé fi fáìlì rin. Èyí tó bá ti jìn, ẹ ra háòsì mìíràn.