Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fáìlì ISO lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní ojú CD

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ẹni tó ta ètò ìṣírò owó fún wa fi fáìlì kan ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì parí sí .iso. Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, kò sì ní ojú tí wọ́n ń ki CD sí. Ẹnìkan ní àfi kí n wa ètò kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó lè ṣí i. Ṣé lóòótọ́ ni? Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń lo Windows 7 náà tún wà ní ọ́fíìsì wa.

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ wa ohunkóhun sílẹ̀. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012 ni irinṣẹ́ tó ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Odidi CD tàbí DVD ni ẹni náà fi ránṣẹ́ sí yín: wọ́n da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ, títí kan bí wọ́n ṣe tò ó, sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ara ISO 9660, ìyẹn ìlànà ọdún 1988 nípa bí a ṣe ń to fáìlì sórí CD, ni orúkọ náà ti wá.

Ẹ ṣí fóldà tí fáìlì náà wà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Mount. Dráífù tuntun kan yóò yọjú nínú This PC, pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀, bíi E: tàbí F:, àfi bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ki CD bọ kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí fáìlì tí wọ́n sábà máa ń pè ní setup, èyí tí ẹ ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kíkà nìkan ni dráífù yìí wà fún, nítorí náà, bí ìwé kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóldà mìíràn. Bí ẹ bá parí, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ dráífù náà, kí ẹ yan Eject. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé èyí, tí wọ́n á wá máa bínú pé Windows kò jẹ́ kí àwọn pa fáìlì ISO náà rẹ́. Èmi náà ti bínú bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ẹ kò bá rí Mount, ó ṣeé ṣe kí WinRAR tàbí 7-Zip, ìyẹn àwọn ètò tó ń ṣí fáìlì tí wọ́n fún pọ̀, ti gba iṣẹ́ náà mọ́ Windows lọ́wọ́. Ẹ yan Open with, lẹ́yìn náà Windows Explorer. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ráhùn nípa NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dráífù, tí ó sì jẹ́ pé orí fláàṣì ni fáìlì náà wà, ẹ da fáìlì náà kọ láti orí fláàṣì sínú dráífù C: kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí ó bá sì ní fáìlì náà ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé kò wọlé tán nígbà tí ẹ ń gbà á. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé báwo ni ó ṣe tóbi tó, kí ẹ fi wé tiyín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù nìyí. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí Microsoft ṣe àtúnṣe sí i, àmì ìkìlọ̀ tí Windows máa ń fi sára fáìlì tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá kì í dé ara ohun tó wà nínú ISO, àwọn oníjìbìtì sì ń gba ibẹ̀ fi kòkòrò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ nínú ímeèlì. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ setup, ẹ pe ẹni tó ta ètò náà lórí fóònù láti mọ̀ bóyá òun ló fi ránṣẹ́ lóòótọ́, kí ẹ sì rí i pé Windows yín ti gba àwọn àtúnṣe tó kẹ́yìn.

Ní ti Windows 7, kò ní Mount rárá. Kíkọ ISO sórí CD tàbí DVD òfìfo nìkan ni irinṣẹ́ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kò nílò ìyẹn náà. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí láptọ́ọ̀pù yín bí mo ṣe sọ, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú dráífù tuntun náà sínú fóldà kan lórí fláàṣì, kí ẹ gbé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, kí ẹ sì tẹ setup níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á bóyá ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7.