Betta kú, ewé ń jẹrà

Ìbéèrè: Mo ra betta, ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré, sínú gíláàsì lítà 20, mo ri Anubias, ewéko inú omi, mọ́ iyanrìn. Ẹja kú lọ́jọ́ kẹrin, ìdí ewé sì ń jẹrà. Kí ló dé? (Òǹkàwé, Ìbarà, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Gíláàsì yín tóbi tó; ó jọ pé omi ni kò tíì gbó, ìyẹn ni pé kò tíì ní kòkòrò tó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia, májèlé gidi ni, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di nitrate, tí kò léwu tó o, sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀. Kí ẹ tó ra ẹja mìíràn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi máa ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi pọ̀, kí ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sí i kí àwọn kòkòrò náà lè rí ammonia lò. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lẹ lò, ẹ fi oògùn pa chlorine (kẹ́míkà apakòkòrò) inú rẹ̀ ná.

Ní ti ewé, ìdí Anubias tó nípọn, tí gbòǹgbò àti ewé ti ń yọ, kì í wọ iyanrìn; bí ẹ bá rì í, ó máa ń jẹrà. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta. Òkúta líle Abẹ́òkúta wa dára, kì í yọ́ sómi. Ẹ dé gíláàsì náà, betta máa ń fò.