Kí ló dé tí sánmà inú fọ́tò Ìkógòsì mi fi pín ní ìlà-ìlà lórí fóònù kékeré?

Àwọ̀ ló pọ̀ ju agbára ojú fóònù yẹn lọ. Fọ́tò JPEG lè ní àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16. Ọ̀pọ̀ fóònù oníbọ́tìnì kò kọjá 65,536, ni búlúù sánmà bá ń já lójijì. Ẹ kọ́kọ́ dín fọ́tò náà kù sí ìwọ̀n ojú fóònù, bíi 240 × 320. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣí GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe: Image, Mode, Indexed, àwọ̀ 256, kí ẹ sì yan Floyd-Steinberg. Yóò fọ́n ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké káàkiri, ojú á sì pa wọ́n pọ̀. (Igbó ẹ̀gbẹ́ òkè kì í yọni lẹ́nu, sánmà àti awọ ojú èèyàn ni kí ẹ máa ṣọ́.) Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí PNG, torí JPEG á ba àwọn ẹ̀kán náà jẹ́.