Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu títọ́ àwọn dókítà ìdílé sọ́nà ní Dominica

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ béèrè ohun tí ó yẹ kí ẹ pèsè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà ìdílé sọ́nà ní erékùṣù kékeré ní Caribbean. Ètò TAC (Technical Aid Corps), tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 láti máa rán àwọn onímọ̀ wa lọ ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, ni ó gbé mi dé Dominica fún ọdún méjì, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n óò sì sọ.

Àpótí ìwé ni mo gbé lọ, nítorí mo rò pé ìmọ̀ ni wọ́n ṣaláìní. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn kan nínú wọn kàwé ní Cuba, àwọn mìíràn ní Jàmáíkà, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó ń jẹ wọ́n níyà ni pé wọn kò rí ẹni bi léèrè. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 70,000 kò lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn fún gbogbo àrùn, àìsàn mìíràn sì wà tí ó di dandan kí a gbé lọ sí Martinique tàbí Barbados, àwọn erékùṣù mìíràn ní Caribbean. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní abúlé tí òkè ńlá pààlà láàárín òun àti Roseau, olú-ìlú Dominica, dókítà tí kò tíì lò ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó máa dá ìpinnu ṣe.

Mo ṣe àṣìṣe kan tí ó ṣì ń dùn mí. Ọ̀kan nínú wọn fi egbò kan hàn mí lábẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ní àtọ̀gbẹ. Kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ, ìyá náà kò sì mọ ìrora kankan níbẹ̀. Mo ní kí dókítà náà kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Roseau, bí a ti ń ṣe nílé. Ìyá ká lẹ́tà náà sínú àpò, kò sì lọ, nítorí kò ní ẹni tí yóò fi ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Nígbà tí ó fi padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìka ẹsẹ̀ náà ti dúdú. Nọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ ní abúlé náà mọ̀ pé kò ní lọ, ṣùgbọ́n n kò bi í.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn dókítà náà lórí gbogbo aláìsàn pé: bí kò bá sí ọkọ̀ títí di ọ̀túnla, kí ni ẹ máa ṣe lálẹ́ òní, àmì wo ni ẹ sì máa rí tí ẹ fi máa jí awakọ̀?

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, a máa ń pàdé lórí fóònù fún wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ àṣìṣe tirẹ̀ títí tí mo fi kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀ ìyá yìí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, àìdárúkọ aláìsàn nìkan kò tó: bí ẹ bá ní “apẹja kan tí ó ní ojú kan,” gbogbo erékùṣù ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ abúlé àti iṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n oògùn sínú ìwé, nítorí nígbà tí ìjì Maria jà ní September 18, 2017, fóònù kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ́ jù ni wíwá ẹni tí yóò gba ipò mi. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ mú ọmọ ilẹ̀ náà kan, kí ó máa darí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ̀yin máa jókòó gbọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa bá wọn ṣe ìpàdé lẹ́yìn tí ẹ bá padà sílé, ẹ tètè fi àkókò ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́, torí agogo mẹ́jọ alẹ́ wọn ni agogo kan òru ní Ìbàdàn.